Irin Tó Kéré Ju Hóró Ìrẹsì Lọ

Orí sìmẹ́ńtì ni aago náà balẹ̀ sí, kò sì dún tó bó ṣe yẹ kó dún. Abọ́ tánganran á dún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi ló ń wá bátìrì rìmóòtù nínú dúrọ́ọ̀, ẹ̀wọ̀n aago kọ́ ọ lọ́wọ́, ó sì fà á jáde láìmọ̀. Nígbà tí mo fi máa gbé e nílẹ̀, gíláàsì rẹ̀ ò fọ́, ojú rẹ̀ ò sán, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà níbi tí wọ́n wà. Inú mi ti fẹ́ẹ́ dùn. Mo wá gbé e sétí. Kẹ́kẹ́ pa.

Aago àpò ni. Bàbá tó bí bàbá mi ló ni ín. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àgbà dàgbà sí, níbi tí àwọn Onítẹ̀bọmi láti gúúsù Amẹ́ríkà ti ń ṣiṣẹ́ láti 1855, ó sì ṣe ògbufọ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó wọn fún ọdún gbọọrọ. Lọ́jọ́ tí òyìnbó náà ń darí relé pátápátá, ó yọ aago tó wà lápò wẹ́sìkóòtù rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Waltham ni orúkọ tó wà lójú rẹ̀. Wọ́táàmù ni gbogbo ilé ń pè é, débi pé kí n tó wọ girama, mo rò pé orúkọ gbogbo aago àpò láyé nìyẹn, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Ọ́mò.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nìkan ni bàbá mi máa ń wáìn ín. Á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì kó tó wọ agbádá, á fi àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ á máa mì bí ẹni ń ka nǹkan sínú. Bí aago bá kú lọ́jọ́ Ajé, kò kàn án. Ó di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú mìíràn. Nígbà tí òun náà lọ, èmi ni wọ́n kó aago fún, pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ àti bàtà méjì tí kò bá mi lẹ́sẹ̀ mu.

Ní Dùgbẹ̀, ọkùnrin àgbàlagbà kan wà tó ń tún aago ṣe nínú àpótí onígíláàsì tí kò fẹ̀ ju tábìlì ọmọ iléèwé lọ. Bàbá Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àbàjà mẹ́ta wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n jinlẹ̀ débi pé bó bá ń wo aago nínú ìmọ́lẹ̀ iná bátìrì rẹ̀, òjìji máa ń gbé inú wọn. Iṣẹ́ tó ń rí ṣe báyìí kò ju kó pààrọ̀ bátìrì, kó gé bẹ́líìtì kúrú. Ṣùgbọ́n ó ti lo àádọ́ta ọdún nídìí iṣẹ́ náà, ìgbà tó kọ́ ọ sì ni ìgbà tí ọ̀pọ̀ aago kò tíì mọ bátìrì.

Ó ṣí ẹ̀yìn Wọ́táàmù, ó fi gíláàsì rẹ̀ há ojú, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹ̀mú kan táyà wúrà kékeré kan tó wà lókè. Ó yẹ kí táyà yẹn máa mì lọ, kó máa mì bọ̀. Ṣe ló fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tí ẹmu ń pa.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán."

"Ẹsẹ̀ ta ni, Bàbá?"

"Báláǹsì. Ọ̀pá tó fi ń dúró. Wá wò ó."

Mo fi gíláàsì sójú, mi ò rí nǹkan kan. Ó ní kí n fara balẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí ọ̀pá irin kan tí kò gùn tó hóró ìrẹsì, ó la àárín táyà náà kọjá. Ó yẹ kí ṣóńṣó wà lókè, kó sì wà nísàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ kò sí mọ́. Ṣóńṣó ọ̀hún, ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá mẹ́wàá mílímítà kan. Bí irun orí kan àbọ̀ nìyẹn. Òun ló ń gbé gbogbo báláǹsì dúró nínú ihò òkúta rúbì, nígbà tí báláǹsì ń mì lẹ́ẹ̀márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, 18,000 ní wákàtí, 432,000 láàárín òwúrọ̀ sí òwúrọ̀. Àwọn aago tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní tìmùtìmù tí òkúta yẹn ń jókòó lé; àwọn ará Switzerland mú irú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Incabloc jáde ní 1934, ìyẹn ni aago ọwọ́ fi lè ṣubú kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ti bàbá àgbà ti wà kí ọgbọ́n yẹn tó dé. Kó ti orí àga bọ́ sílẹ̀ ti tó láti pa á.

"Bí mo bá rí i, mo lè fi síbẹ̀," Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní in, kò sì sẹ́ni tó ní in ní gbogbo Ìbàdàn yìí. Ìwọ lo máa wá a. Kó o tó máa wá a kiri, kọ́kọ́ lọ mọ ẹni tó bí aago rẹ."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ta ni kò mọ ẹni tó bí i? Ṣebí orúkọ bàbá rẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀. Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ mi dà bíi ti ẹni tó ní ọmọ Ọ̀yọ́ lòun, tí wọ́n wá ní kó ki oríkì agboolé rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Waltham ti ṣe aago tó lé ní ọgbọ̀n mílíọ̀nù kó tó ṣíwọ́ aago ṣíṣe ní 1957. Ìwọ̀n ò jọra, ìran ò jọra. Ọ̀pá ti ìran kan kì í wọ ìran kejì, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ jọra lójú bíi Táyé àti Kẹ́hìndé.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Mo ṣí ẹ̀yìn aago, mo rí nọ́ńbà kan nínú ìdérí, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tọ nọ́ńbà yẹn kiri, ibi tó sì gbé mi já sí ni pé ayé bàbá tó bí bàbá àgbà ni wọ́n ti ṣe aago náà, ìwọ̀n rẹ̀ sì kéré sí èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Irọ́ pátápátá. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ní Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì aago, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló ń ṣe ilé tí ẹ́ńjìnnì ń gbé. Oníbàárà á dé ṣọ́ọ̀bù, á yan ẹ́ńjìnnì tó wù ú, á yan ilé tí owó rẹ̀ ká, ẹni tó ń tà á á sì fi ọ̀kan sínú èkejì níṣojú rẹ̀. Nọ́ńbà tí mo kọ sílẹ̀, nọ́ńbà onílé ni. Ti ayálégbé wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, ó fẹ́ràn kó fara pa mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òdòdó tí wọ́n fín sára irin.

Nọ́ńbà ayálégbé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù mọ́kànlélógún. Àwọn tó fẹ́ràn aago àtijọ́ ti to nọ́ńbà Waltham jọ lọ́dọọdún, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì: 1917 sí 1918. Ìran 1908, ìwọ̀n 16, òkúta 17. Ẹ má rò pé 16 yẹn jẹ́ mílímítà o. Ìwọ̀n tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn aláago Lancashire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni: òdo jẹ́ íǹṣì kan àti ìdá ọgbọ̀n íǹṣì lọ́nà márùn-ún, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ń fi ìdá ọgbọ̀n íǹṣì kan kún un. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ẹ máa bá 43.18 mílímítà. Mo fi rúlà ọmọ mi wọ̀n ọ́n ní ìdábùú àárín ẹ́ńjìnnì. Ó bọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí yìí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ò ní Waltham, Seiko 5 bàbá yín lẹ ní. Ti yín rọrùn. Ẹ dojú aago dé, ẹ wo ẹ̀yìn: nọ́ńbà mẹ́rin tó ṣáájú ìlà kékeré, bíi 7009 tàbí 6309, òun ni orúkọ ẹ́ńjìnnì. Èyí tó wà lẹ́yìn ìlà, ti ilé rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ aago Swiss àtijọ́, ẹ gbàgbé orúkọ tó wà lójú rẹ̀. Orúkọ ìnagijẹ lásán ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta aago nígbà yẹn kò ṣe ẹ́ńjìnnì kankan rí, ọ̀dọ̀ A. Schild tàbí FHF tàbí ETA ni wọ́n ti ń rà á, tí wọ́n á wá lẹ orúkọ tiwọn mọ́ ọn lójú. Ibi tí orúkọ àbísọ wà ni abẹ́ báláǹsì: àmì kékeré kan, nọ́ńbà díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá páàtì pẹ̀lú orúkọ ojú aago á rìn títí ẹsẹ̀ á fi wú.

Nǹkan mìíràn wà nínú ìdérí ẹ̀yìn Wọ́táàmù tí mi ò kọbi ara sí tẹ́lẹ̀. Àwọn ìlà tínínrín kan ni, tí ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ ha. Ọ̀kan dà bíi lẹ́tà R. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà lásán. Ọ̀kan kà báyìí: 7/52. Mo bi Bàbá Aláago.

"Àwọn tó ti tún un ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá ti wọ inú aago gbọ́dọ̀ fi àmì sílẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ẹnì kan ti dé ibẹ̀ rí."

Ìyẹn ni pé ní oṣù keje 1952, ẹnì kan jókòó síbì kan, bóyá Ògbómọ̀ṣọ́, bóyá Ìbàdàn, ó tú aago bàbá àgbà palẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló rán mi létí aago Abraham Lincoln. Ní 2009, àwọn ará Smithsonian, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Washington, tú aago àpò tó jẹ́ ti ààrẹ náà, torí pé ìtàn kan ti ń jà nílẹ̀ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n bá a níbẹ̀ lóòótọ́. Jonathan Dillon, tó ń tún aago yẹn ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní April 1861, ti ha orúkọ ara rẹ̀ àti ìròyìn ogun náà sára irin tó wà lábẹ́ ojú aago. Lincoln ń gbé e kiri lápò láìmọ̀.

Ẹni tó bá ti ra páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀ rí ti jẹ gbèsè Waltham díẹ̀, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Láyé ijọ́hun, oníṣẹ́ aago á rẹ́ irin kan, á tún un rẹ́, títí á fi bá aago kan ṣoṣo mu. Bí irin yẹn bá kán, ẹlòmíràn ní láti gbẹ́ òmíràn. Aaron Dennison, oníṣẹ́ aago ará Amẹ́ríkà, ló rí bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ ṣe ìbọn fún ìjọba Amẹ́ríkà ní Springfield, tí páàtì ìbọn kan ń wọ inú ìbọn mìíràn, ó sì bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí aago ò lè rí bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Roxbury ní 1850, wọ́n kó lọ sí ìlú Waltham, létí odò Charles, ní 1854. Nígbà tó fi máa di 1857, gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n lu ilé iṣẹ́ ní gbàǹjo, Royal Robbins ló rà á. Dennison padà sọdá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń ṣe ilé aago ní Birmingham. Ẹni tó lálàá kì í sábàá jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò parẹ́, torí títí di òní, àwọn oníṣẹ́ ṣì ń pe ìwọ̀n sípíríǹgì aago mọ́ Dennison.

Ní 1876, Waltham gbé ẹ̀rọ kan lọ síbi ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Philadelphia, ẹ̀rọ tó ń dá ṣe ìdè aago fúnra rẹ̀, àwọn ìdè tó kéré bí iyanrìn. Àwọn ará Switzerland rán èèyàn lọ wò ó. Jacques David, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Longines, wà lára wọn, ìròyìn tó sì mú bọ̀ wá sílé kò jẹ́ kí oorun kun àwọn ọ̀gá rẹ̀. Èmi tí mo jókòó sí Ìbàdàn ní ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé lẹ́yìn tí wọ́n ṣe aago mi, tí mo ń retí pé irin kan tí wọ́n ṣe láìmọ aago tó máa wọ̀ á bá tèmi mu, ọgbọ́n ọjọ́ wọ̀nyẹn ni mo ń jẹ.

Ṣùgbọ́n kéèyàn mọ̀ pé nǹkan wà àti kéèyàn rí i, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ọ̀pá àkọ́kọ́ tí mo rà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wá láti Amẹ́ríkà. Ìwọ̀n 16, Waltham, gbogbo rẹ̀ pé. Bàbá Aláago gbé e síwájú gíláàsì rẹ̀, ó sì dá a padà kó tó sọ̀rọ̀. Irú méjì ló wà. Ọ̀kan, wọ́n máa ń kàn án mọ́ táyà ni, wọ́n á lu etí rẹ̀ kó tẹ́ bí orí ìṣó. Èkejì kò ní etí tí wọ́n ń lù. Ṣe ló ń fipá wọ ihò tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ fún un. Tèmi, akànmọ́ ni. Èyí tí mo rà, awọ̀fipá ni.

"Tọ́jú ẹ," ló wí. "Aago ẹlòmíràn á bèèrè ẹ lọ́jọ́ kan."

Níbi tí mo ti ń wá kiri, oríṣiríṣi nǹkan ló ń yọjú tí mi ò bèèrè. Ọwọ́ aago àtijọ́ tó ní ọ̀dà atàn-lókùnkùn lórí fẹ́ẹ̀ẹ́ wọ̀ mí lójú, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ sá fún un. Redíọ̀mù, èròjà kan tí ìtànṣán rẹ̀ ń pani lára, ló wà nínú irú ọ̀dà yẹn. Láti nǹkan bí 1917, ọdún aago mi gan-an, làwọn ọmọbìnrin ní Orange, ìpínlẹ̀ New Jersey, ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, tí wọ́n ń fi ẹnu pọ́n búrọ́ọ̀ṣì kó lè mú. Eegun àgbọ̀n ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹrà lójú ayé wọn. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀dà náà ti kú tipẹ́. Redíọ̀mù inú rẹ̀ kò tíì kú, 1,600 ọdún ló fi ń dín sí ìdajì. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀bẹ ha á, kó má fẹ́ eruku rẹ̀.

Àbúrò mi kan ń gbé ní Worcester, kò jìnnà sí Waltham. Mo rán an níṣẹ́ pé kó bá mi lọ wo ilé iṣẹ́ náà. Ó pè mí láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn ti ń gbé inú ẹ̀ o. Wọ́n fi ṣe fúláàtì àti ọ́fíìsì." Ó fi fọ́tò odò ránṣẹ́ sí mi, bíríkì pupa, fèrèsé lóríṣiríṣi. Fèrèsé yẹn pọ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ń ṣe irin tó kéré báyìí nígbà tí iná mànàmáná ò tíì délé, oòrùn ló nílò.

Òun ló dá a lábàá pé kí n má wá ọ̀pá mọ́, kí n ra odindi ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tú u. Òtítọ́ ni pé ọ̀nà tó rọrùn jù nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì Waltham tí kò nílé pọ̀ lọ jàra lọ́jà, ìdí rẹ̀ sì bani nínú jẹ́ díẹ̀. Wúrà ni ilé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí owó wúrà fò sókè, tó fi kan 850 dọ́là fún áúǹsì kan ní January 1980, àwọn èèyàn kó aago bàbá wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ́ wúrà. Wọ́n já ẹ́ńjìnnì dà sínú àpótí, wọ́n yọ́ ilé. Ọmọ òrukàn ni gbogbo wọn. Ti bàbá àgbà ì bá ti bá wọn lọ ká ní wúrà gidi ni. Awọ wúrà lásán ni wọ́n fi bo irin rẹ̀, àbùkù yẹn ló sì yọ ọ́.

Àbúrò mi ra ọ̀kan. Ẹni tó tà á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ṣeé wáìn, pé fún títú palẹ̀ nìkan ni. Ìran 1908, ìwọ̀n 16, òkúta 17. Owó oúnjẹ èèyàn méjì ni. Ó dé inú ike oògùn, wọ́n fi òwú yí i ká. Ojú rẹ̀ funfun, ó mọ́ ju ti wa lọ, orúkọ aláṣọ́ọ̀bù kan àti ìlú kékeré kan ló wà níbẹ̀ dípò Waltham.

Bàbá Aláago yí i lọ́wọ́, ó wá irin onígun mẹ́rin kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó tì í bọ ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yí i. Aago náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Nínú irú aago Amẹ́ríkà yìí, ọ̀pá tí a fi ń wáìn kì í gbé ara ẹ́ńjìnnì, ara ilé ló ń gbé. Bí ẹ bá yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nílé, ṣe ló máa dúró sórí yíyí ọwọ́ aago, kò ní gbà wáìn. Ẹni tó tà á kò mọ̀. Ó ta alààyè ní iye òkú.

Àwa méjèèjì dákẹ́, a ń gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, Bàbá gbé gíláàsì kúrò lójú.

"Aago tó ń rìn. O fẹ́ kí n pa á?"

Mo ní ṣebí nítorí ẹ̀ la ṣe rà á. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ti tú òkú aago tí kò níye, agolo bisikíìtì tó wà lẹ́sẹ̀ òun yìí, òkú ló kún inú rẹ̀, Seiko, Citizen, gbogbo wọn, ọ̀dọ̀ wọn lòun ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n èyí tó ń mí, òun ò tíì fọwọ́ kàn án rí, òun ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Bí mo bá fẹ́, kí n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọ̀nà kẹta wà, ọmọ mi ló sì sọ ọ́. Kí ló dé tí a ò kàn gbé ẹ́ńjìnnì tuntun sínú ilé bàbá àgbà? Ìwọ̀n kan náà ni. Ní Ládípọ̀, wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́: ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ wọlé, mọ́tò jáde, orúkọ ẹni tó ni ín kò yí padà. Mo gbìyànjú láti dá a lóhùn, ó sì gbà mí ní alẹ́ méjì. Ìdérí tí wọ́n ha 7/52 sí, ara ilé ló wà. Ẹ̀wọ̀n, ara ilé ló wà. Ibi tí àtàńpàkò bàbá mi ti jẹ títí wúrà fi ṣí, tí idẹ yọ lábẹ́ rẹ̀, ara ilé ló wà. Bí mo bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, ilé ni bàbá àgbà. Síbẹ̀, ohun tí mo gbé sétí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, ilé kọ́ ló ń dún. Mo sọ fún ọmọ mi pé rárá. Ó ní ìdí wo? Mo ní rárá ṣáà ni. Mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe èsì, mi ò sì ní òmíràn tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí n wá ẹni tó lè gbẹ́ ọ̀pá tuntun látinú irin búlúù, lórí ẹ̀rọ tó ń yí irin bíríbírí. Ó ṣeé ṣe, bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí Dennison tó dé nìyẹn, ṣùgbọ́n Bàbá ti ta ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́dún tí ọmọ rẹ̀ wọ yunifásítì. Àbúrò mi ló tún rí ọ̀nà. Níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù oníṣẹ́ aago kan tó ti kú, ó bá àwọn ìgò kékeré oníkóòkì, kò ju ìka ọmọdé lọ, tí wọ́n lẹ bébà Waltham mọ́. Mo ní kó ka ohun tó wà lára bébà fún mi. Ó kà á. Mo ní kó tún un kà. Akànmọ́ ni, ọ̀pá mẹ́ta ló wà nínú ìgò kan, a kò tíì lo ọ̀kankan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Tuntun tó ti darúgbó. Ìyàwó rẹ̀ kó o bọ̀ nígbà Kérésì, inú ìbọ̀sẹ̀, inú bàtà, inú àpótí.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni Bàbá fi ṣe é. Ó ní láti gé èyí tó kán kúrò láìjẹ́ kí táyà wọ́, kó kan tuntun mọ́ ọn, kó yí i wò bóyá ó ń yí déédéé, kó dín ìwúwo ibi tó bá wúwo jù kù, kó tó wá dá sípíríǹgì tínínrín padà sórí rẹ̀, èyí tí mímí lásán lè dàrú. Òwúrọ̀ nìkan ló ń fọwọ́ kàn án, kí ọjà tó kún. Ọ̀kan nínú mẹ́ta bàjẹ́. Ó ní sísín ló gbé òun. Mi ò bínú. Mo ti rí i bó ṣe to ìyókù méjèèjì sórí bébà funfun tó fi ife bò wọ́n, bí ẹni tó ń bo ọmọ adìyẹ.

Lọ́jọ́ tó pè mí, Wọ́táàmù wà lórí aṣọ pupa, ó ń rìn. Abẹ́ ife kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ òrukàn náà ń rìn. Ó ní àràárọ̀ lòun ń fi irin onígun mẹ́rin wáìn ín, pé aago náà ló ń sọ ìgbà tó yẹ kí òun palẹ̀ mọ́ fún òun báyìí, àfi bí mo bá fẹ́ ẹ padà. Mo ní kó máa mú un lò.

Kó tó dé ẹ̀yìn Wọ́táàmù, ó mú abẹ́rẹ́ kan, ó tẹ̀ mọ́ ìdérí náà, ó ha nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ 7/52, ó fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, ó nà án sí mi. Mo gbé gíláàsì rẹ̀ há ojú mi. Kò kọ orúkọ, kò kọ déètì. Ìlà mẹ́ta ló fà síbẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ara wọn. Mo gbójú sókè, mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"₦15,000," ló wí, ó sì na ọwọ́ sí aago obìnrin kan tó ti ń dúró de bátìrì.